Èrè orí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kọ́ ni Ani DiFranco ń lé tó fi kọ owó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá

Lọ́dún 1990, ọmọbìnrin kan tí kò ju ẹni ogún ọdún lọ ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé kásẹ́ẹ̀tì orin kan jáde. Orúkọ ara ẹ̀ náà ló fi pe kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, Ani DiFranco, ohùn ẹ̀ àti gìtá ẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú ẹ̀. Kò gbé e káàkiri ọ́fíìsì àwọn olówó pé kí wọ́n wá bá òun tà á. Ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ló dá sílẹ̀, ó pè é ní Righteous Records kó tó di pé ó yí orúkọ náà sí Righteous Babe Records. Ilé iṣẹ́ lórúkọ lásán ni nígbà náà o. Inú mọ́tò ni ọjà wà, ibi tó bá ti kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, ibẹ̀ náà ló ti ń tà á fáwọn tó wá gbọ́ orin.

Láti ìgbà náà, ìtàn ọmọbìnrin yìí ti di ohun táwọn tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ òwò máa ń sọ lásọtúnsọ. Ohun tí wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́ jù ni iye tó ń jẹ lórí ẹyọ kan. Wọ́n á ní ẹ wò ó, obìnrin tó dá ọjà ẹ̀ tà ń jèrè lórí álíbọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ju àwọn gbajúmọ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá ń gbé kiri lọ. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gbà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ìṣírò ti máa ń dojú rú mọ́ oníṣòwò kékeré lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èrè orí ẹyọ kan lé oníbàárà gidi lọ, tó sì tún ti tìtorí owó ojú ẹsẹ̀ fi ọjà ẹ̀ tọrẹ láìmọ̀. DiFranco kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí ẹ̀ rèé tó fi yẹ kéèyàn tún ìtàn náà yẹ̀ wò dáadáa.

Buffalo tí à ń wí yìí kì í ṣe New York táwọn èèyàn ń rí nínú fíìmù. Etí adágún Erie ló wà, nítòsí ẹnubodè Kánádà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sì gbé e ró nígbà kan. Nígbà tó fi máa di 1983, ilé iṣẹ́ irin Bethlehem tó wà ní Lackawanna, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Buffalo, ti dáwọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú irin rírọ dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di ẹni tó ń jókòó sílé. Ẹni tó bá dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nírú ìlú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje péré, ńṣe ló dà bíi kéèyàn lọ pàtẹ sí ọjà tí èrò ti ń tú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970. Ó ti ń kọrin nílé ọtí pẹ̀lú olùkọ́ gìtá ẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tó sì di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ń dá gbé, ó ń gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn máa jáde, ẹni táwọn èèyàn ń pè ní ọmọdé yìí ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ náà. Ó ti mọ irú ẹni tó ń wá gbọ́ orin òun, ó sì ti mọ iye tó lè jáde lápò onítọ̀hún.

Irú orin tó ń kọ ni wọ́n ń pè ní fóòkù. Lọ́hùn-ún, òun ni orin tí ẹnì kan á gbé gìtá, tá á máa fi sọ ìyà òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ogun, ìfẹ́ àti ìrìnàjò. Woody Guthrie àti Pete Seeger wà lára àwọn tó sọ ọ́ di nǹkan ńlá láyé ọjọ́un. DiFranco mú un, ó gbé e wá sí ayé òde òní, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó ń dun obìnrin lọ́kàn kọ ọ́ láì bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń ta gìtá ọ̀hún pàápàá yàtọ̀: èékánná àtọwọ́dá ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìka, á fi téèpù táwọn oníṣẹ́ iná ń lò wé e pinpin, á wá máa lu okùn gìtá bí ẹni ń lu ìlù.

Ẹni tó bá ń fojú òwò wò ó máa rí i pé irú orin bẹ́ẹ̀ kì í ná ni lówó púpọ̀ láti ṣe. Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ ogún èèyàn tó máa gba owó, kò sí fèrè, kò sí ọ̀wọ́ ìlù. Ẹnì kan, gìtá kan, ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó parí. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe fún un láti má ṣe yáwó lọ́wọ́ olówó ńlá nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé ìgboyà ló ní, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgboyà nìkan. Ọjà tó yàn láti tà kéré níye owó débi tí owó tó pa lálẹ́ àná fi lè tẹ kásẹ́ẹ̀tì ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká ní orin tó nílò ọgbọ̀n èèyàn lórí ìtàgé ló ń kọ ni, bóyá ìtàn ibòmíì là bá máa sọ.

Ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ilé ọtí, yunifásítì, ibi àjọ̀dún orin fóòkù, ó ń wakọ̀ láti ìlú kan dé òmíràn, ó ń kọrin, ó ń tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ra kásẹ́ẹ̀tì kan á dà á kọ sórí òmíràn fún ọ̀rẹ́ wọn ní ìlú mìíràn, nígbà tí DiFranco bá fi máa dé ìlú ọ̀hún, àwọn tí kò rí i rí ti mọ orin ẹ̀ sórí. Oníṣòwò mìíràn á ní olè ni wọ́n ń ja òun. Lóòótọ́, nílẹ̀ tiwa níbí, àwọn tó ń da orin olórin kọ tí wọ́n ń tà á fún èrè ti ba ilé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún kan lọ sọ́jà. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn polówó ọjà láìgba kọ́bọ̀, torí ọ̀rẹ́ tó gbà á náà ló máa sanwó ẹnu ọ̀nà nígbà tí olórin bá dé.

Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, álíbọ́ọ̀mù ń tẹ̀lé ara wọn bíi kí àgbẹ̀ máa kórè lọ́dọọdún: Not So Soft ní 1991, Imperfectly ní 1992, Puddle Dive ní 1993, Out of Range ní 1994, Not a Pretty Girl ní 1995. Kò sí èyí tó mì ilé mì ọ̀nà nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹni tó bá ra tuntun, á padà lọ wá ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹnì kan náà ló ni gbogbo ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà lórí àtẹ, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè sọ pé èyí kò tà tó, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Scot Fisher, tó di máńijà ẹ̀, ń bójú tó ọ́fíìsì ní Buffalo nígbà tí òun wà lójú ọ̀nà.

Àsìkò yìí làwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá rí i. Kí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí tó yéni, ó dáa kéèyàn mọ bí àdéhùn wọn ṣe máa ń rí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ á kó owó àsansílẹ̀ fún olórin, owó náà á sì pọ̀ lójú. Àmọ́ owó yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe owó ọ̀yà. Ẹ̀yáwó ni. Inú ìpín olórin, tó sábà máa ń wà láàárín ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ti máa yọ ọ́ padà. Wọ́n á yọ owó ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n á yọ lára owó fídíò, wọ́n á yọ owó tí wọ́n ná sórí ìrìnàjò. Títí ìpín kékeré yẹn á fi san gbogbo gbèsè tán, olórin kò ní rí nǹkan kan mú relé lórí àwo tó tà, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ ti ń jẹ èrè tiwọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tó bá san án tán pàápàá, máásítà orin náà ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ wa tó máa ń gba mọ́tò sísan díẹ̀díẹ̀ máa tètè mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó jíṣẹ́ owó lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, tó san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, tí olówó wá sọ fún un pé mọ́tò ṣì jẹ́ tòun, ṣé kò ní ké gbàjarè? Ohun tí ọ̀pọ̀ olórin fọwọ́ sí nìyẹn, tí wọ́n sì tún ya fọ́tò lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe àwọn tí kò rí ọjà tà nìkan ló kàn. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ TLC gbé CrazySexyCool jáde ní 1994, ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1995, nígbà tó ṣì ń tà wàràwàrà, wọ́n lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti bo àwọn mọ́lẹ̀. Prince, tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀ bó ṣe ń bá ilé iṣẹ́ Warner fa wàhálà lórí ẹni tó ni orin ẹ̀. Ẹni tó ń wo gbogbo èyí láti Buffalo kò nílò babaláwo láti mọ ohun tó máa sọ. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́, ó ní òun kò ṣe.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 1996, Dilate wọ inú igba álíbọ́ọ̀mù tó tà jù ní Amẹ́ríkà, ó dé ipò kẹtàdínláàádọ́rùn-ún. Living in Clip tẹ̀ lé e ní 1997, àwọn orin tó kọ níwájú èrò ló wà nínú ẹ̀, ó sì gba àmì wúrà. Lọ́dún 1998, Little Plastic Castle dé ipò kejìlélógún. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ látinú mọ́tò ló gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Bí àwọn ìwé ìròyìn tó ń sọ̀rọ̀ owó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ lórí álíbọ́ọ̀mù kan ju èyí tí ẹgbẹ́ Hootie and the Blowfish ń jẹ lọ, ìyẹn ẹgbẹ́ tí orin wọn gba gbogbo rédíò Amẹ́ríkà kan láàárín àwọn ọdún yẹn.

Ohun tó wá dùn mọ́ni nínú ìtàn yìí ni pé obìnrin náà kò gba ìyìn yẹn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Ms. yìn ín lọ́dún 1997, tí wọ́n sì mẹ́nu ba owó tó ń jẹ lórí ẹyọ kan, ó kọ lẹ́tà sí wọn, inú ẹ̀ kò dùn. Ó ní ó ṣòro fún òun láti gbà pé lẹ́yìn gbogbo ọdún tóun ti fi ń sá fún àwọn olówó, bí oníṣòwò ni wọ́n tún ṣe wá ń kan sáárá sí òun. Ó ní ohun tóun rí ṣe ni pé òun ṣí ọ́fíìsì kékeré kan sí àárín ìlú Buffalo tí àwọn èèyàn ti ń sá kúrò níbẹ̀, òun gba nǹkan bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síṣẹ́, òun sì ń gbé iṣẹ́ fún àwọn atẹ̀wé ìlú náà àti àwọn olùpínkiri kéékèèké tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Èrè tó ń wọlé, ó ní ìwọ̀nba ni, inú onírúurú iṣẹ́ ọnà àti ti ìṣèlú lòun sì ń dá a padà sí.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á ní, kí ló ń bínú sí? Ṣé èèbú ni kí wọ́n sọ pé èèyàn ń jèrè? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fara balẹ̀, wọ́n á rí i pé obìnrin yìí gbọ́ ìṣírò ju àwọn tó ń yìn ín lọ. Èrè orí ẹyọ kan tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, inú ẹ̀ ni owó oṣù èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà. Inú ẹ̀ ni owó ilé, owó ìtẹ̀wé, owó epo mọ́tò, àti ti sídíì tí àwọn ilé ìtajà máa dá padà tí wọn kò bá rí i tà wà. Hootie kò san ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Tiwọn kéré lórí ẹyọ kan lóòótọ́, àmọ́ álíbọ́ọ̀mù wọn ti 1994 tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ìyẹn nínú ti DiFranco. Ẹni tó bá gbé iye orí ẹyọ kan méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ní èyí pọ̀ ju èyí lọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣírò.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní obìnrin kan ń ṣe ọṣẹ dúdú, tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rin náírà, tí irinwó náírà sì jẹ́ èrè. Ó ń fúnra ẹ̀ ta ọ̀ọ́dúnrún lóṣù, èrè tó wọlé jẹ́ ₦120,000. Nígbà tó bá san owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀, owó ọmọ tó ń bá a jókòó tì í àti owó ọ̀rá, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦95,000, ₦25,000 ló kù sí i lọ́wọ́. Oníbàárà kan wá dé, ó ní òun máa kó ẹgbẹ̀rún kan lóṣù, àmọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lòun máa rà á, èrè wá di ọgọ́rùn-ún náírà péré lórí ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ló máa fọwọ́ gbá àyà, pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kẹ̀, ṣé kí òun wá máa ṣiṣẹ́ fún un ni? Wọ́n á lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ₦100,000 ni ẹni tí wọ́n lé lọ yẹn gbé wá, kò ní kí wọ́n gbé ọṣẹ dé ibì kankan, fúnra ẹ̀ ló máa wá kó o. Iye orí ẹyọ kan ló ti ojú wọn bọ̀ wọ́n lára.

Àmọ́ ká ní oníbàárà yìí kan náà sọ pé orúkọ òun ni kí wọ́n máa tẹ̀ sí ara ọṣẹ náà, kí obìnrin náà fi bó ṣe ń pò ó han òun, kó má sì ta fún ẹlòmíràn mọ́ láéláé, tó wá ní òun máa fún un ní mílíọ̀nù méjì lẹ́sẹ̀ kan náà. Owó yẹn á dà bí ìgbàlà, pàápàá tí owó iléèwé ọmọ bá wà nílẹ̀. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèyí o. Ti àkọ́kọ́, owó ẹyọ kan ni wọ́n ń dúnàá dúrà lé lórí. Ti ìkejì, ọṣẹ fúnra ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà. Àwọn tó ń sọ ìtàn DiFranco sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Torí ohun tí DiFranco ṣe gan-an nìyí: ó gbà fún irú oníbàárà àkọ́kọ́, ó sì kọ ti ìkejì. Kò sígbà kankan tó sọ pé òun nìkan lòun máa ṣe gbogbo ẹ̀. Lẹ́tà tó kọ yẹn fúnra ẹ̀ sọ ọ́: ó ń lo olùpínkiri, ó ń lo àwọn tó ń wá ibi ìṣeré fún olórin, ó ń lo àwọn tó ń bá a bá oníròyìn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ń gba tiwọn nínú owó tó ń wọlé. Ó fi èrè orí ẹyọ kan sílẹ̀ fún wọn tayọ̀tayọ̀. Máásítà orin ni kò jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun. Àwọn tó ń fi orúkọ òmìnira bojú, tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ nínú òwò wọn, tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé, awakọ̀ àti olùtajà pa pọ̀ títí ara wọn fi ń rù, wọn kò lè fi obìnrin yìí ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tí wíwà tí máásítà wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún un láyè láti ṣe pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà ní òpópónà Delaware ní Buffalo, àwọn ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ ọ ní nǹkan bí àádóje ọdún ṣáájú ìgbà náà, ó ti dẹnu kọlẹ̀ débi tí ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wó o fi wáyé. DiFranco àti Fisher gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní 2006 gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn orin àti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ wọn. Babeville ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ ńlá wo ló máa gbà kí olórin ẹ̀ fi owó ra ilé tó fẹ́ wó ní ìlú tí èrò ń sá kúrò níbẹ̀? Wọ́n á ní kó kó wá sí Los Angeles. Bákan náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin àwọn ẹlòmíràn jáde. Andrew Bird kọjá lọ́dọ̀ wọn kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé Hadestown ti Anaïs Mitchell jáde, álíbọ́ọ̀mù fóòkù tó jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, DiFranco fúnra ẹ̀ sì kọ ipa Persephone nínú ẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn nígbà náà pé ó máa di nǹkan ńlá. Lọ́dún 2019, eré orí ìtàgé tí wọ́n sọ ọ́ dà gba àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́jọ ní New York, títí kan ti eré olórin tó dára jù. DiFranco tún lọ ṣe Persephone yẹn lórí ìtàgé Broadway ní 2024.

Ká má wá fi adùn nìkan sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó dúró lórí ọwọ́ ẹnì kan, ìgbà tí ọwọ́ yẹn bá dùn, ilé iṣẹ́ náà á dùn ún. Lọ́dún 2005, iṣan ọwọ́ tí DiFranco fi ń lu gìtá láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó débi tó fi ní láti dá ìrìnàjò orin dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìrìnàjò yẹn sì ni ọjà ẹ̀ o, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Olórin tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá lè ṣàìsàn kí ọ́fíìsì má mọ̀, àmọ́ ẹni tó ni ọ́fíìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó oṣù àwọn èèyàn ń bọ̀. Àwọn aránṣọ wa, àwọn onídìrí, àwọn tó ń se oúnjẹ fún òde, ẹ ò rí i pé wọ́n mọ ìpayà yìí dáadáa? Bí ìyá bá dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, ṣọ́ọ̀bù ti padé. Ohun tó gba DiFranco ni pé àwọn orin tó ti ṣe sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì ń tà nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ń sinmi, tiẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Aránṣọ kò ní irú ẹ̀, aṣọ tó rán lánàá kò ní mú owó wọlé lọ́la, àfi bó bá ti kọ́ ẹlòmíràn tó lè di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Ewu kejì kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Owó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ná lórí orin ga jù lọ ní 1999, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń gba orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì fi máa di 2014, ó ti já kọjá ìdajì. Sídíì tó ń gbé owó wọlé fún Righteous Babe di ohun tí àwọn ọmọ òde òní kò ní ẹ̀rọ tó máa lù ú. Lónìí, wọ́n ń gbọ́ orin lórí fóònù, ohun tó sì ń kan olórin lórí ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n gbọ́ ọ kò tó sẹ́ǹtì kan. Ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré ni ìjì náà fẹ́ lù. Àmọ́ Righteous Babe kò kú. DiFranco gbé Revolutionary Love jáde ní 2021, ó tún gbé òmíràn jáde ní 2024, orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ló wà lára méjèèjì. Bóyá ìwọ̀nba tí wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí kò gun igi kọjá agbára ẹ̀, tó bá já, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣèṣe.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, kó rántí àwọn àgbà olórin tiwa. Lọ́dún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró pawọ́ pọ̀ dá Star Records sílẹ̀ kí orin wọn lè jẹ́ tiwọn, nígbà tó di 1979, Haruna kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí DiFranco tó gbé kásẹ́ẹ̀tì kankan jáde. Lẹ́yìn tiwọn, ọ̀pọ̀ olórin wa tún padà sọ́dọ̀ máákẹ́tà, wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbé máásítà sílẹ̀, wọ́n lọ. Èèyàn kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í dúnàá dúrà pẹ́. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ohun méjì ni wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Wọ́n rò pé ẹrù tó wà nílẹ̀ nìkan ni.

Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti DiFranco o. Òwò kan wà tó jẹ́ pé láìsí owó ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò lè gbéra: ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá sílẹ̀ kò lè fi owó omi tó tà lálẹ́ àná ra ẹ̀rọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ní láti gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, olówó náà á sì fẹ́ nǹkan dì mú. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n mú ìwé náà lọ bá lọ́yà, kó wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ọjà sí, ta ló ni ín, àti ibi tí wọ́n kọ iye ọdún sí, bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́ rárá. Bí olówó bá ní àfi kí òun di orúkọ náà mú ni owó fi máa jáde, kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n máa fi rà á padà àti ọdún tí wọ́n lè rà á, kí wọ́n sì kọ iye náà sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó ka owó sórí tábìlì.